Ọ̀gá Tó Ní Kí Gbogbo Iná Jẹ́ Nọ́ńbà Kìn-ín-ní

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó kà á, nítorí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lójú òun. Nísinsìnyí tí kò sí níbí, ẹ na ẹsẹ̀ yín.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà tó ń bójú tó gbogbo ilé ìjọba tó wà nínú ìlú àti gbogbo ohun tó wà nínú wọn, títí dórí ìgbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, orúkọ oyè náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ọdọọdún ló ń fi kún un, títí ìlẹ̀kùn fi kún dẹ́múdẹ́mú, tí wọ́n fi ní láti yọ ọ́, kí wọ́n wá èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Ìlẹ̀kùn tuntun kò bá ojú ọ̀nà mu. Kò ṣeé tì mọ́, atẹ́gùn sì ń wọlé fàlàlà. Ọ̀gá ní atẹ́gùn wá kí òun ni.

Aago ńlá kan wà ní àbáwọlé. Ọ̀gá pàṣẹ pé aago náà kò gbọdọ̀ lu mẹ́jọ àárọ̀ àfi bí òun bá ti dé. Òun a sì máa dé ní mẹ́wàá, ọjọ́ mìíràn mọ́kànlá. Nítorí náà wọ́n gba ọkùnrin kan síṣẹ́ tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń ṣe ni kó di ọwọ́ aago mú. Bí Ọ̀gá bá ti yọjú, á fi í sílẹ̀, aago á lu mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì pàtẹ́wọ́ pé Ọ̀gá kì í pẹ́ dé. Ẹ̀yin náà ẹ fi ọgbọ́n yín ṣírò rẹ̀: bí mẹ́jọ bá ń lu ní mọ́kànlá, ìgbà wo ni wọ́n ń lọ sílé? Ebi ló máa ń dá wọn lóhùn.

Akọ̀wé rẹ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́fà. Kì í dúró kí Ọ̀gá sọ̀rọ̀ tán kó tó gbà fún un. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá sín, Akọ̀wé ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà, òdodo ọ̀rọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé nínú gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe eré, iná mẹ́jọ wà lókè ìtàgé. Mẹ́rin nínú wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n tàn lọ. Mẹ́rin yòókù ní ọrùn, wọ́n lè yíjú sọ́tùn-ún sósì bí ìyá tó ń wá ọmọ láàárín èrò. Ẹ̀rọ kan tún wà nílẹ̀ tó ń tu èéfín funfun, tí wọ́n ń lò bí eré bá kan ibi tí ẹ̀mí àìrí fẹ́ jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá dé, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ojú rẹ̀ gbẹ, áńkáṣíìfù gbẹ, ṣùgbọ́n ó nu ún pẹ́. Ó ní ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀? Wọ́n ní Bàbá Ọlọ́dẹ ni. Ó ní ó tán, ọwọ́ ti tẹ olè.

Bàbá Ọlọ́dẹ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọdún kan péré ló kù kó fẹ̀yìntì. Kò mọ̀wé. Bí wọ́n bá gbé nǹkan tuntun wá sí gbọ̀ngàn, tó jẹ́ òun ló gbà á, kì í fọwọ́ sí ìwé. Á ti àtàǹpàkò bọ ọ̀dà pupa, á fi tẹ ẹ̀yìn ohun tí wọ́n gbé wá náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún àga, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún àkàbà. Ó ní ìwé lè sọnù kí àga wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àga bá wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní jìnnà síbẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ìṣó ti ya àtàǹpàkò yẹn rí nígbà èwe rẹ̀, àpá náà sì gba àárín ìka kọjá bí ọ̀nà tó la oko já. Kò sí ìka méjì tó jọ ọ́ nínú ìlú.

Ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé. Àwọn aláyẹ̀wò mẹ́ta ń bọ̀ láti olú-iléeṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n á wo iṣẹ́ Ọ̀gá bóyá ó tó kí wọ́n gbé e ga sí i, wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò fi lé Bàbá Ọlọ́dẹ lọ, láìsí ìfẹ̀yìntì, tí orúkọ olè á sì tẹ̀ lé e wọ inú sàréè. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹni bá rò pé nǹkan kékeré ni, kó lọ bi arúgbó tó ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó wá di ẹni tí àwọn aládùúgbò ń fa àpò mọ́ra fún.

Láàárín oṣù náà ni Akọ̀wé wá kan ìlẹ̀kùn Oníná. Obìnrin yìí ló mọ̀ nípa wáyà jù nínú ìlú, òun náà ló so iná mẹ́jọ yẹn mọ́ òkè gbọ̀ngàn. Ọ̀gá kò mọ̀, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan àwọn iná náà, ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Kò sì mọ̀ pé Bàbá Ọlọ́dẹ ló bí i. Ọ̀gá kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà rò pé ohun kan wà tí òun kò tíì mọ̀.

Akọ̀wé ní Ọ̀gá ra iná tuntun láti òkè òkun, kó wá so wọ́n mọ́ pálọ̀ ilé Ọ̀gá, kó sì jẹ́ kí bọ́tìnnì ara ògiri máa darí wọn.

Nígbà tí Oníná dé ibẹ̀, ẹ̀rọ èéfín àti àwọn iná náà ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fi ọ̀dà wúrà kun àwọn iná níwájú. Ẹ̀yìn wọn dúdú bí wọ́n ṣe wà, nítorí Ọ̀gá ló kùn wọ́n fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní ẹ̀yìn lójú Ọ̀gá. Oníná dojú ọ̀kan dé. Ìka pupa. Àpá tó la oko já. Ó dojú èkejì dé, ó tún rí i.

Ó mọ̀ pé bí òun bá pariwo, kí òun tó dé géètì, wọ́n á ti kun ẹ̀yìn náà. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́, ọmọ olè tàbí ẹni tó ní ìlẹ̀kùn méjì? Ó mú irinṣẹ́ jáde.

Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, ó ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà kí òun lè tún un ṣe.

Oníná ní bọ́tìnnì ilé àti iná ìtàgé kì í sọ èdè kan náà. Bọ́tìnnì ilé kò mọ̀ ju tàn, kú, rọra tàn. Iná ìtàgé ní tiwọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí okùn kan tí wọ́n ń pè ní DMX, iye sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà òun máa gbé àpótí kékeré kan sáàárín wọn, tó máa ṣe ògbufọ̀. Kò burú. Ọ̀gá mi orí, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Okùn kan ṣoṣo ló gba ara gbogbo wọn kọjá, sà,” ni Oníná wí. “Ohun tí a bá sọ, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Nọ́ńbà ni olúkúlùkù fi ń mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún tibí ní nọ́ńbà kìn-ín-ní, kí n fún tọ̀hún ní ìkọkànlá, kí tẹ̀yìn jẹ́ ìkọkànlélógún, nítorí nọ́ńbà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo fi sílẹ̀ fún wọn.”

Ọ̀gá dìde.

“Nínú ilé mi, ta ni yóò jẹ́ ìkọkànlá?”

“Iná ni, sà.”

“Iná tèmi! Ìwọ obìnrin yìí, gbọ́, kí o sì sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Èmi ni àkọ́kọ́ ní kíláàsì. Èmi ni àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ìkejì kò tíì fẹsẹ̀ tẹ inú ilé yìí rí. Gbogbo wọn, nọ́ńbà kìn-ín-ní ni wọ́n ń jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Akọ̀wé wí.

Ìyàwó Ọ̀gá ń gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó ní ní tòun, òun á fẹ́ jẹ́ ìkejì, bó bá jẹ́ pé ìkejì máa ń ráàyè sùn lọ́sàn-án.

Oníná kìlọ̀ fún un, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò kìlọ̀. Ó ní nọ́ńbà kìn-ín-ní kò túmọ̀ sí ohun kan náà fún gbogbo wọn. Fún iná tó ń tàn lásán, ó túmọ̀ sí kó tàn. Fún iná tó ní ọrùn, ó túmọ̀ sí kó yí ọrùn. Fún ẹ̀rọ yẹn, ó túmọ̀ sí kó tu èéfín. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ orúkọ kan, ìgbà tí ẹ bá ní kí ọ̀kan tàn, èkejì á kẹ̀yìn sí yín, ìkẹta á sì bo yín mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí ohun tó lè kẹ̀yìn sí òun láyé yìí. Ó tún kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá ní bọ́tìnnì ilé ìdáná náà, kí ó máa pe nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i, nítorí pé láàárín èkejì sí ìkẹta yẹn, òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu òun jáde. Ó máa kẹ̀yìn. Ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é báyìí.”

Ṣé Ọ̀gá lè rí ibi tí wọ́n ti ń wá ọwọ́ rẹ̀ kó má fi í? Ó fọwọ́ sí i, ọwọ́ náà gùn ju ìwé lọ, ó gba orí tábìlì.

Ohun kan ṣoṣo ló tún kù, ohun kékeré kan bí ìdérí ìgò, tí wọ́n fi ń dé ìparí okùn, kí ọ̀rọ̀ má baà débẹ̀ kó padà wá da àwọn iná lórí rú. Ọ̀gá ní kí ni ìyẹn wà fún? Oníná ní ìparí ọ̀rọ̀ ni, sà. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ òun kì í ní ìparí. Oníná fi ìdérí náà sínú àpò. Ó so àwọn iná mọ́ irin lókè ògiri, wúrà kọjú sí pálọ̀, ẹ̀yìn fẹ̀gbẹ́ kan ògiri, tí aláǹgbá gan-an kò lè wò ó. Ẹ̀rọ èéfín, Ọ̀gá ní kí ó wà lẹ́yìn àga òun, kí àwọsánmà lè máa jẹyọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ òun. Oníná ní kí àwọn dán an wò. Ọ̀gá ní rárá, ọwọ́ tòun ni yóò kọ́kọ́ kan bọ́tìnnì náà, lójú àwọn aláyẹ̀wò.

Nígbà tí Oníná délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Ọlọ́dẹ fi àtàǹpàkò ra ojúgun rẹ̀ títí.

“Ta ló máa wo ẹ̀yìn nǹkan nílé Ọ̀gá, ọmọ mi?”

“Wọ́n á yíjú padà fúnra wọn, Bàbá. Ẹ ṣáà wá.”

Ọjọ́ náà pé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ọ̀gá wá ní kí wọ́n fa kọ́tìnnì dúdú bo gbogbo fèrèsé ilé rẹ̀, kí òùngbẹ ìmọ́lẹ̀ lè gbẹ àwọn àlejò dáadáa kí òun tó fún wọn. Ẹni tó ń wọlé ń fi ẹsẹ̀ kọ tábìlì. Àwọn aláyẹ̀wò mẹ́ta jókòó: ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan ń jẹ bisikíìtì, ẹ̀kẹta ni ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì tó nípọn, òun ni olórí wọn. Bàbá Ọlọ́dẹ dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́. Oníná dúró ti àpótí rẹ̀.

Wọ́n gbé ìwé ìlénilọ síwájú Bàbá Ọlọ́dẹ, pẹ̀lú íńkì. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n fi hàn án. Ìyá onígíláàsì mú bírò, ó fẹ́ fọwọ́ sí i, kò sì rí ibi tí òun fẹ́ kọ ọ́ sí.

Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i nínú ògo. Ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀, ìwé ò tó. Ó sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wà kí oòrùn tó wà, ó sọ bí òun náà ṣe wà níbẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó fi í gúnlẹ̀ báyìí:

“Iná tí ẹ fẹ́ rí yìí, àwọn ará òkè òkun ló fi orúkọ mi ṣe é. Láti ọjọ́ tí a ti dá wọn, kò sí ọwọ́ ọmọ aráyé kankan tó kàn wọ́n àfi ọwọ́ tèmi!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́ dópin.

Iná mẹ́rin tàn yòò, ẹni tó ń sùn jí. Níwọ̀n bí kò ti sí ìdérí lópin okùn, ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Àwọn iná ọlọ́rùn mẹ́rin gbé ojú wúrà wọn sókè, wọ́n wo Ọ̀gá, wọ́n yípo kan, wọ́n tún yí ìdajì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn àga kò tu àwọsánmà díẹ̀díẹ̀ kankan. Ó hú fùùù bí ẹni tó ti ń fi èébú pamọ́ láti ọjọ́ tó pẹ́. Èéfín gbé Ọ̀gá mì láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, ó tún padà wá mú fìlà. Ohùn nìkan ló kù tí wọ́n ń gbọ́, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ìyá onígíláàsì ń wo òkè. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn, lára ẹ̀yìn dúdú mẹ́rin, ìka pupa mẹ́rin ló ń wò ó.

“Ìka ta nìyẹn?”

Nínú èéfín, Ọ̀gá gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì yé e, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé nǹkan máa ń ní ẹ̀yìn. Ó táràrà wá bọ́tìnnì lára ògiri, ó rí i, ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ilé ṣú, ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn iná ọlọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú wúrà wọn padà bọ̀. Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀yìn wọnú ògiri tán.

Ẹ rántí ìyàwó ilé. Ó wà ní ilé ìdáná, kọ́tìnnì ti bo ojú fèrèsé tiẹ̀ náà, kò rí ife, kò rí omi. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tiẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dópin. Àwọn iná tún tàn yòò, àwọn iná ọlọ́rùn tún kẹ̀yìn, èéfín tún mú Ọ̀gá ṣinṣin. Ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀, ìyàwó gbé e sókè ní ilé ìdáná. Ó rọ̀ ọ́, obìnrin gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ṣe é, títí ìyàwó fi pariwo láti inú lọ́hùn-ún pé ẹni tó ń pa iná mọ́ òun lójú, bí òun bá fọ́ ife, òun kọ́ ni kí wọ́n bi.

Nígbà tó fi máa di ìkarùn-ún, ìyá onígíláàsì ti dìde. Ó mú ìwé ìlénilọ tí íńkì rẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́. Ó ti àga Ọ̀gá, àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, dé ìdí ògiri, ó bọ́ bàtà kan sílẹ̀, ó fi èkejì gùn ún. Ó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn iná. Ó wo ti íńkì, ó wo ti ọ̀dà. Àpá méjèèjì la oko kan náà já.

Bàbá Ọlọ́dẹ kò dúró kí wọ́n tún bi òun. “Èmi ni mo ni ín, mà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn wá sí gbọ̀ngàn, èmi ni mo gbà wọ́n. Ohun tí mo bá gbà, mo máa ń fọwọ́ sí i lára rẹ̀.”

Ìyá náà yíjú sí inú èéfín láti orí àga. “Ọ̀gá, ẹ ní kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn lára wọn. Ṣé láti gbọ̀ngàn ìlú lẹ ti kó wọn?”

Ọ̀gá kò tíì rí irọ́ tó máa pa. Ó ń wúkọ́ láti fi gba àkókò. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè kọjá lórí Ọ̀gá láìdáhùn, tí ahọ́n rẹ̀ ti mọ ojú ọ̀nà náà fún ọdún méjìlá.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Akọ̀wé wí.

Ẹni tó ń jẹ bisikíìtì gbé e sílẹ̀.

Ìyá onígíláàsì ya ìwé ìlénilọ sí méjì. Ó fi ìdajì tó ní ìka lára sínú báàgì rẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni. Oníná fa kọ́tìnnì. Oòrùn wọlé, ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè nọ́ńbà.

Ìyókù kò gùn. Wọ́n ní kí Ọ̀gá wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní olú-iléeṣẹ́. Ó dé ibẹ̀ ní mọ́kànlá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a di aago mú. Èrò ti kún bẹ́ǹṣì. Wọ́n fún un ní páálí kékeré kan, kó dúró títí wọn á fi pè é. Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ó bi ẹni tó ń pín in pé ta ló mú nọ́ńbà kìn-ín-ní. Onítọ̀hún ní ẹni tó tètè jí ni.

Kò padà sí ọ́fíìsì yẹn mọ́. Wọ́n dá ìlẹ̀kùn àtijọ́ padà, ó sì ń tì. Akọ̀wé ṣì wà níbẹ̀, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Kò tíì mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ti àwọn iná, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kó wọn padà sí gbọ̀ngàn. Oníná so wọ́n, ó fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó mú ìdérí kékeré yẹn jáde nínú àpò, ó fi dé ìparí okùn. Bàbá Ọlọ́dẹ gbé agolo ọ̀dà pupa wá láti ìdí àga rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé iná ọlọ́rùn kọ̀ọ̀kan kọjá níwájú rẹ̀, ó ń ti ìka bọ ọ̀dà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú, láàárín wúrà gan-an.

“Bàbá, ẹ̀yìn lẹ máa ń fi sí.”

“Mo mọ̀,” ni Bàbá Ọlọ́dẹ wí. “Nígbà yẹn, mo rò pé gbogbo èèyàn ló máa ń wo ẹ̀yìn nǹkan kí wọ́n tó gbé e.”

Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.